Ta Ni Ń Ka Àwọn Tí Wọ́n Ti Padà Sílé?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá wo wèrè sàn, a kò lè wo ìkùnsínú rẹ̀ sàn. Òwe yìí ni a fi ń bo àìbìkítà mọ́lẹ̀ ní Kútọnu títí di òní. Bí àìsàn bá tún kọlu ẹni tí wọ́n ti dá padà sílé, a ó ní àyànmọ́ rẹ̀ ni, tàbí pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn. A kì í bèèrè bóyá oògùn rẹ̀ ni ó tán ní oṣù kejì, tàbí bóyá owó ọkọ̀ láti Kétu dé ilé ìwòsàn ti Jacquot ni kò sí.

Àwa kò fara mọ́ ọn. Iye ibùsùn àti iye dókítà ni a máa ń kà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ. Ẹni tí ó ti jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ wo Grégoire Ahongbonon, ọmọ agbègbè Kétu, ẹni tí ó ń tún táyà ṣe ní Bouaké kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ṣẹkẹṣẹkẹ. Ṣẹkẹṣẹkẹ tí ó já ni gbogbo ayé ń yìn. Lójú tiwa, ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣòro jù: àwọn ibùdó kéékèèké tí aláìsàn ti lè padà wá gba oògùn nítòsí ilé rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ, àti àwọn tí ara wọn ti yá tí wọ́n wá di olùtọ́jú àwọn ẹlòmíràn. Ìtọ́jú láàárín ará ìlú kì í sì í ṣe ohun tí a ní láti lọ yá ní Paris. Ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 ni dókítà Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìyìn kì í ṣe àyẹ̀wò. Ní ọdún 2012 ni Bẹ̀nẹ̀ ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí ó kan àwọn alárùn ọpọlọ pẹ̀lú. Abala kẹrìndínlógún rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn aláṣẹ tí wọ́n dá dúró máa bojú tó gbogbo ibi tí a ti ń ṣe ìtọ́jú wọn. Gbogbo ibi ni ó wí: ti ìjọba, ti ìjọ, ti babaláwo, ti àgọ́ àdúrà. Bí àyẹ̀wò náà kò bá sì gbọ́ ti ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀, asán ni.

A mọ̀ pé wọn yóò ní kò sí owó. Haloperidol ti pẹ́ láyé, kì í sì í ṣe oògùn olówó ńlá. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, fóònù kan, àti nọ́ọ̀sì tí ó mọ ilé aláìsàn: èló ni ìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tí ó pa ìsọ̀ rẹ̀ tì ní Dantokpa fún oṣù mẹ́ta nítorí pé àìsàn ọmọ rẹ̀ tún padà dé?

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fi síwájú ilé iṣẹ́ ìlera, kí wọ́n dáhùn rẹ̀ ní èdè Faransé tàbí ní Yorùbá: nínú àwọn tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn ní oṣù kìíní, mélòó ni ó ṣì ń rí oògùn gbà ní oṣù keje?