Oyè Tó Dé Lẹ́yìn Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Yínniyínni kí ẹni ó ṣe mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ pé kí a dúró kí ẹni náà kú kí a tó yìn ín, wọn kò sì sọ pé kí a fi ìyìn bo ohun tí ojú rẹ̀ rí mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ọjọ́ 11 Oṣù Kọkànlá bá ti ń pé lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ń bu ọlá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Wọ́n á ka orúkọ, wọ́n á gbé òdòdó síbi ibojì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì túká. Orúkọ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ìtàn. Ọlá tí kò bá sì sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ẹni tí à ń bọlá fún, àwọn alààyè ló ń jẹ èrè rẹ̀. Akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lọ síwájú, ó yẹ kí òǹkàwé ní Nàìjíríà mú ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ohun tí ẹgbẹ́ inú ọgbà yunifásítì ti dà nílé níhìn-ín. Láti ìgbà tí àdá àti ìbọn ti wọ ọ̀rọ̀ náà, pàápàá láti 10 Oṣù Keje 1999 tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rù ni orúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dá bani. Ìtàn ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Alpha Phi Alpha bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní 4 Oṣù Kejìlá 1906, Kappa Alpha Psi bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ní 1911, Omega Psi Phi sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Howard ní 17 Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwùjọ òyìnbó kò fẹ́ fún ní àga ló kó ara wọn jọ kí wọ́n lè di ara wọn mú. Èyí kò sọ wọ́n di ẹni mímọ́: ìyà tí àwọn kan nínú wọn fi ń jẹ ọmọ tuntun ti ba orúkọ wọn jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n wà, orúkọ wọn kò fara pamọ́, iṣẹ́ wọn sì wà nínú ìwé ìtàn.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí wáyé ní 1917. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba ti ṣe ètò láti kó aláwọ̀ dúdú lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan tí wọ́n ti lè kọ́ wọn láti di ọ̀gá ọmọ ogun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard ló dìde. Wọ́n kó orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga aláwọ̀ dúdú tó ju 1,500 lọ jọ, wọ́n gbé e tọ àwọn aṣòfin lọ, wọ́n sì béèrè pé kí ni ìjọba tún ń wá. Ibùdó Fort Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa ni ìdáhùn tí wọ́n rí gbà. Nígbà tó di 15 Oṣù Kẹwàá 1917, ọkùnrin 639 jáde níbẹ̀ pẹ̀lú oyè ọ̀gá ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí pọ̀ láàrin wọn. Edgar Love, ọ̀kan lára àwọn tó dá Omega Psi Phi sílẹ̀, lọ sí ogun náà gẹ́gẹ́ bí àlùfáà àwọn ọmọ ogun.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ níbi ayẹyẹ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé nínú gbogbo 639 náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n fún ní oyè tó ju ti Kápítéènì lọ. Àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ṣe olórí wọn ní òkè. Kì í sì í ṣe pé wọn kò rí aláwọ̀ dúdú tó tó bẹ́ẹ̀. Ó wà. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́nà.

Charles Young lorúkọ rẹ̀. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Kentucky ní 12 Oṣù Kẹta 1864. Bàbá rẹ̀ sá kúrò lóko ẹrú, ó sì lọ di ọmọ ogun Ìhà Àríwá. Ní 1889, Young di aláwọ̀ dúdú kẹta tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point. Ó kọ́ni ní Wilberforce ní Ohio, níbi tí òun àti W. E. B. Du Bois ti di ọ̀rẹ́. Ní 1903, ó ṣe alábòójútó ọgbà igbó ńlá Sequoia ní California. Ó ran Benjamin O. Davis lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ tó fi yege láti di ọ̀gá ọmọ ogun, Davis náà ló sì wá di jẹ́nẹ́rà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní 1940. Omega Psi Phi gba Young sínú ẹgbẹ́ ní 1912 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá. Ní 1916, ó kó àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn nínú ogun ilẹ̀ Mẹ́síkò.

Nígbà tí ọdún 1917 dé, kò sí aláwọ̀ dúdú tí ipò rẹ̀ ga tó tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun náà, bó bá sì dé ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé, àfàìmọ̀ kó má di jẹ́nẹ́rà. Ìgbà yẹn gan-an ni òyìnbó kan láti Mississippi, tí ipò rẹ̀ kéré sí ti Young, kọ̀wé pé òun kò lè gba àṣẹ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ sẹ́nétọ̀ John Sharp Williams, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Woodrow Wilson. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà ológun sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kídìnrín wà lára Young. Wọ́n fún un ní oyè Kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ tì nínú Oṣù Keje, nígbà tí àwọn ọmọ Fort Des Moines ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.

Young kò bú ẹnikẹ́ni. Ní Oṣù Kẹfà 1918, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 54, ó gun ẹṣin láti Wilberforce dé Washington, ìrìn tó tó nǹkan bí 500 máìlì, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i pé ara òun le. Wọ́n rí i, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ 6 Oṣù Kọkànlá 1918 ni wọ́n tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí ogun parí.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbèjà ìjọba ọjọ́ náà. Wọ́n ní irọ́ kọ́ ni àwọn dókítà pa, nítorí àìsàn kídìnrín kan náà ló padà pa Young. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń dáhùn, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àìsàn náà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1920, ìjọba kan náà, nínú aṣọ ológun kan náà, rán ọkùnrin yìí lọ sí Làìbéríà, ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí tí ibà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún aráyé bí ara ṣe lè ṣàìlera jù láti pàṣẹ fún òyìnbó ní ilẹ̀ Faransé, kí ara kan náà sì le tó láti máa rìn nínú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà? Àìsàn náà kò yí padà láàrin ọdún mẹ́ta, àyàfi bóyá ó tún le sí i. Ohun tó yí padà ni irú ẹni tí yóò máa gba àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ̀yìn rẹ̀ tì, ibẹ̀ ni kó wò.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Láti Làìbéríà ni Young ti wá sí Nàìjíríà lẹ́nu iṣẹ́, àìsàn náà gbé e dè, ó sì kú ní ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní 8 Oṣù Kìíní 1922. Ilẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ gbà á. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló yìnbọn ẹ̀yẹ fún un, kó tó di pé wọ́n hú òkú rẹ̀ lọ sílé tí wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Arlington ní 1 Oṣù Kẹfà 1923. Oyè Bìrìgédíà Jẹ́nẹ́rà tí wọ́n fi dù ú ní 1917, ọjọ́ 29 Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní West Point, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Omega Psi Phi wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè fún un.

Ọpẹ́ yẹ wọ́n fún èyí. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé ẹgbẹ́ lè ṣe ju kíka orúkọ lọ. Ṣùgbọ́n oyè tó dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ló wà níbẹ̀ tó máa lò ó? Òkú kì í pàṣẹ fún ọmọ ogun. Bí ayẹyẹ náà bá parí sórí pé ìjọba ti ṣàánú, wọ́n ti sọ gbèsè di ẹ̀bùn nìyẹn.

Àwọn mìíràn tún ní ọjọ́ ẹ̀yẹ kọ́ ni ọjọ́ ẹ̀sùn, pé kí a jẹ́ kí òkú sùn ní àlàáfíà. Ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ajagun wọ̀nyí fi ayé rẹ̀ ṣe ti dáhùn fún wọn. Charles Hamilton Houston, ọmọ ẹgbẹ́ Alpha Phi Alpha, jáde ní Fort Des Moines, ó sì lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ ogun òyìnbó Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ òun gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí òun lọ́hùn-ún. Ó padà sílé ní 1919, ọdún tí àwọn jàǹdùkú òyìnbó ń kọlu aláwọ̀ dúdú ní ìlú púpọ̀, tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé sì wà lára àwọn tí wọ́n fi okùn so kọ́ láìsí ìdájọ́. Houston kò rántí ogun náà nípa gbígbé àmì ẹ̀yẹ kọ́ àyà. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Harvard, ó tún ilé-ẹ̀kọ́ òfin Howard ṣe, ó sì kọ́ Thurgood Marshall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ́gun òfin ìyàsọ́tọ̀ ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1954. Ó ti kú ní 1950 kí ìdájọ́ náà tó dé. Ẹni tó bá ka orúkọ Houston láìmẹ́nu ba ẹ̀sùn tó gbé lọ síwájú adájọ́, kò tíì ka orúkọ rẹ̀ rárá.

Ó tún ku ẹ̀bi kan tó jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ náà fúnra wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣiṣẹ́ nínú ogun náà ju 380,000 lọ, nǹkan bí 200,000 nínú wọn sì dé Yúróòpù. Ju ìdajì àwọn tó rékọjá òkun yìí ló jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n gbé ní èbúté, ọ̀nà ni wọ́n là, sàréè ni wọ́n gbẹ́ fún òkú ogun. Àwọn yẹn kò dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọn kò ní ẹgbẹ́ tí yóò ka orúkọ wọn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń yin ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, ìyìn náà yóò máa fi ìwé ẹ̀rí wọn ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ta sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 1917 kò béèrè ibùdó náà kí àwọn nìkan lè gorí ẹṣin. Wọ́n sọ pé ìran àwọn ni àwọn ń ṣojú fún. Kí àwọn arọ́pò wọn di ọ̀rọ̀ náà mú.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro mọ̀. Ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Shaw darí fún àwọn ológun tú àkọsílẹ̀ Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú wà tó yẹ kí wọ́n ti gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ. Ní 13 Oṣù Kìíní 1997, Ààrẹ Clinton fi í fún àwọn méje. Vernon Baker nìkan ló ṣì wà láàyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Bí wọ́n bá ti tú ìwé náà ní ogún ọdún ṣáájú, ẹni mélòó ni ìbá ti gbà á lójú ayé? Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní agbẹjọ́rò, wọ́n ní òpìtàn, wọ́n ní owó. Kí wọ́n ná an sórí ìwé àkọsílẹ̀ àti sórí àwọn ajagun-fẹ̀yìntì tó ṣì ń mí, kí òdòdó tó kàn.

Nàìjíríà náà ní ọjọ́ tirẹ̀, 15 Oṣù Kìíní, tí àwọn aláṣẹ máa ń gbé òdòdó síwájú ère jagunjagun tí wọ́n sì máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Kí ẹni tó bá ń wo ayẹyẹ náà béèrè bóyá owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó dúró sórí ìlà níbẹ̀ ti wọlé. Bí a bá ń ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n. Wọ́n ta Charles Young lọ́pọ̀ ní 1917, ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni wọ́n sì fi ń wá owó tí wọn yóò fi rà á padà.