Ọmọ tó ń sáré tó ṣubú lulẹ̀: ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti Ekinrin-Adde, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí. Ìyá àgbà kan ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, wà lára àwọn tí yóò sáré nínú ìdíje eré ìdárayá ilé-ìwé wọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ínta-háòsì. Níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, ọmọ náà ń sáré bọ̀, kò kọsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tì í, ó kàn ṣubú lulẹ̀ gbì ni. Wọ́n da omi lé e lórí, ó jí, ó dìde, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní ebi ni. Bàbá ọmọ ní òòrùn ni. Ṣùgbọ́n Màmá kò rí oorun sùn, nítorí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ló ṣubú bẹ́ẹ̀ lóko níbi tó ti ń kọ ebè, tí kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Màmá wá ń béèrè pé, ṣé ohun kan náà kọ́ ló tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ yìí?

Màmá, ẹ kú ìrònú. Èèyàn kò lè tinú lẹ́tà yẹ ọmọ wò, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹ bi mi yẹn gan-an ni dókítà ọkàn yóò kọ́kọ́ bi yín. Kí ọmọ náà má ṣe sáré mọ́, kó má gbá bọ́ọ̀lù, títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Dídákú yàtọ̀ síra. Ọmọ tó dúró pẹ́ lórí ìlà ní àárọ̀ láìjẹun, tí ojú rẹ̀ ṣú, tó rọra rọ́ lulẹ̀, ìyẹn kì í sábà le. Àmọ́ ọmọ tó ṣubú nígbà tí eré wọ̀ ọ́ lára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ìje, ọkàn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kódà bó bá dìde lójú ẹsẹ̀. Ọkàn ni ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, iná kékeré kan ló sì wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fún un ìgbà tí yóò lù. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹran ọkàn wọn nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé iná yẹn gan-an ni kò dúró déédéé. Ẹ kò ní rí i lójú wọn. Wọ́n á sanra, wọ́n á gba ipò kìíní nínú eré ìje. Ọjọ́ tí eré bá le ni ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kó lù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́, ọmọ á ṣubú.

Ìdí tí mo fi ń bá ẹ̀yin àgbà sọ̀rọ̀ ju àwọn òbí lọ nìyí: púpọ̀ nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, inú ìdílé ni wọ́n ń gbà wá. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní irú ọkàn tó nípọn tí a ń jogún yẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí lè jogún rẹ̀, ìdajì-ìdajì, bí ìgbà téèyàn ju owó ẹyọ sókè. Ẹlòmíràn á jogún rẹ̀ tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan títí tó fi darúgbó, síbẹ̀ yóò gbé e fún ọmọ. Àwa Yorùbá kì í sì í dárúkọ ọmọ tó bá kú ní rèwerèwe. Ọ̀fọ̀ ni, a ó gbé e sin, a ó sì pa ẹnu mọ́. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn náà kò ní mọ̀ pé ó gbé ayé rí. Ta ni yóò wá sọ fún dókítà?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú ohun tó gbàgbọ́ o. Bí ẹ bá ní ayé ni, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì sọ bí ikú náà ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ dáadáa tó wá kú sódò. Ẹni tó sùn ní alẹ́ tí kò jí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tíì pé ogójì. Ọmọ tí wọ́n ní wárápá ń ṣe, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń sáré tàbí tí ẹ̀rù bá bà á nìkan ló ń gbé e. Dókítà ń wá gbogbo ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà ní 1989 kò ní gbàgbé Samuel Okwaraji. Lọ́yà ni, agbábọ́ọ̀lù sì ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, ní Èkó, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà du àǹfààní láti lọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ó ṣubú kí eré tó parí, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní 2003, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú bẹ́ẹ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Ọkàn tó nípọn tí wọ́n ń jogún ni wọ́n bá lára òun náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2020, Chineme Martins ti ẹgbẹ́ Nasarawa United ṣubú ní Láfíà, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa tó bá Kogí pààlà, kò sì yè é.

Ẹ wá fi èyí wé ti Kanu Nwankwo. Òun ni ọ̀gá ikọ̀ tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1996. Ọdún yẹn náà ni Inter Milan ní Ítálì rà á, tí àwọn dókítà wọn sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò dára. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó padà sórí pápá, ó sì ṣì wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010. Ní Ítálì, láti 1982 ni òfin ti ní kí wọ́n yẹ ọkàn gbogbo ẹni tó bá fẹ́ du ife wò kó tó wọ pápá. Ní agbègbè Veneto lọ́hùn-ún, láàárín 1979 sí 2004, ikú òjijì àwọn ọ̀dọ́ eléré dín kù ní nǹkan bí ìdá 89 nínú 100.

Mo mọ̀ pé Ìjùmú kì í ṣe Ítálì. Ìbéèrè kò sì ní owó nínú. Ṣé ọmọ yìí ti dákú rí, tàbí àyà ti dùn ún rí, nígbà tó ń sáré? Ṣé mímí rẹ̀ máa ń kúrú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Ta ló kú lójijì ní ilé bàbá tàbí ní ilé ìyá? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú un lọ sí ọsibítù, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ECG, èyí tí wọ́n ń lẹ okùn rẹ̀ mọ́ àyà, wo bí ọkàn ṣe ń lù. Kò dunni rárá. Bí èyí tó wà nítòsí kò bá ní ẹ̀rọ náà, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́jà. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ọmọdé, tí oríkèé ara sì tún ń wú lẹ́yìn náà. Ìyẹn náà máa ń ba àwọn ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́.

Bí ọmọ bá wá ṣubú ńkọ́? Ibí ni a ti ń ṣe àṣìṣe jù. A ó sọ pé wárápá ni, a ó ki ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹlòmíràn á bu epo pupa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ pè é, ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tó ń mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń hanrun, ọkàn rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé èkejì sí àárín àyà rẹ̀, ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó ínǹṣì méjì, kíákíá, 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá rẹ yín, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹ má dúró de mọ́tò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń dín ìrètí kù. Títẹ àyà lójú ẹsẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ọkàn padà, ló gba Christian Eriksen ti Dẹ́ńmákì là ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, ó sì ti tún gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, owó aṣọ ínta-háòsì tí ẹ ń dá, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ àwọn olùkọ́ ní títẹ àyà yìí. Kí mọ́tò kan tó ní epo wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí ẹ sì parí eré tó gùn kí òòrùn tó mú.

Màmá, bí wọ́n bá ń mú ọmọ náà lọ, ẹ má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ nìkan mú un lọ, nítorí kò mọ àbúrò yín. Ẹ bá wọn lọ. Ẹ sọ ọdún tó jẹ́, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, àti bóyá ó ti dákú rí ṣáájú. Bí wọ́n bá rí nǹkan lára ọmọ yìí, kí wọ́n yẹ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ náà wò. Kí ẹ sì kọ̀wé sí wa padà, a fẹ́ gbọ́.