Ogójì Wákàtí Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Òbí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá fi ṣe ibùgbé, pàápàá ní Atlanta àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, ẹ̀kọ́ kan wà tí ó máa ń kan ilẹ̀kùn olúkúlùkù òbí nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 15. Ẹ̀kọ́ náà ni ọkọ̀ wíwà. Ọmọ ti ń ka ọjọ́, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀, ẹni tí kò lè wakọ̀ dà bí ẹni tí a so mọ́lé. Ìyá tí ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ àti bàbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì pẹ̀lú ń retí ọjọ́ tí ọmọ yóò lè gbé ara rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí oníkálukú ti ń kánjú báyìí, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ń kọ́ ọmọ náà gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí. Bí ọmọ bá pé ọdún 15, tí ó sì yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀, yóò gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́. Kò gbọdọ̀ dá wakọ̀ pẹ̀lú ìwé yìí. Àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 21, tí ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, gbọ́dọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn ọdún kan àti ọjọ́ kan, bí ó bá ti di ọmọ ọdún 16, ó lè lọ ṣe ìdánwò ojú títì kí ó sì gba ìwé àṣẹ onípele kejì. Ṣùgbọ́n ṣáájú èyí, ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 30 nípa òfin àti ìlànà ìwakọ̀. Òfin gbà kí ó gba ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yàtọ̀ sí èyí, ó gbọ́dọ̀ ti fi ó kéré tán wákàtí 40 wakọ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí 6 nínú wọn sì jẹ́ ní òru. Òbí ni yóò búra, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé wákàtí wọ̀nyí pé.

Òfin yìí kò ṣàdédé wáyé. Ní ọdún 2003, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joshua Brown, ọmọ ọdún 17, ń wakọ̀ lójú títì tí òjò ti rọ̀ sí. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ gun orí omi, kò sì di ilẹ̀ mú mọ́. Ọkọ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gba ibẹ̀ kú. Àwọn òbí rẹ̀, Alan àti LuGina Brown, kò jókòó sunkún nìkan. Wọ́n tọ àwọn aṣòfin lọ pé kí a má ṣe fi ọkọ̀ lé ọ̀dọ́ kankan lọ́wọ́ mọ́ láìkọ́ ọ. Wọ́n fọwọ́ sí òfin náà ní ọdún 2005, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2007. Òfin Joshua ni gbogbo ènìyàn ń pè é títí di òní. Ẹni tí ó bá rántí pé ikú ọmọ kan ni ó bí òfin yìí kò ní ka wákàtí inú rẹ̀ sí wàhálà ìjọba lásán.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní àǹfààní tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ bú u. Ọmọ lè kọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Òbí tí kò ní àyè láti gbé e lọ sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ yóò sinmi. Bí ibì kan kò bá yé e, yóò padà sẹ́yìn kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kọ̀ǹpútà lè kọ́ ọ ní ìtumọ̀ àmì ojú títì, bí ó ti yẹ kí àyè wà láàárín ọkọ̀ méjì, àti ohun tí ọtí ń ṣe sí ojú awakọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè rí i bí ẹsẹ̀ ọmọ ti ń gbọ̀n lórí bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé bá sún mọ́ ọn lójú I-285. Kò lè mọ̀ bóyá ó ń wo dígí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó yà. Òbí tí ó jókòó tì í nìkan ni ó lè rí èyí.

Ìwádìí sì jẹ́rìí sí i. Bí a bá fi ibùsọ̀ tí wọ́n ń wà wéra, àjọ tí ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn CDC, sọ pé àwọn awakọ̀ ọmọ ọdún 16 sí 19 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn tí ó ti pé 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìjàǹbá tí ó la ẹ̀mí lọ. Ní ọdún 2012, ìwádìí tí AAA Foundation gbé jáde nípa awakọ̀ ọmọ ọdún 16 àti 17 fi hàn pé bí ọ̀dọ́ kan tí kò tíì pé 21 bá wà nínú ọkọ̀ láìsí àgbà, ewu ikú awakọ̀ náà fi ìdá 44 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá di méjì, ó di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ti pé ọdún 35 bá wà níbẹ̀, ewu náà fi ìdá 62 nínú 100 dín kù. Ìdí nìyí tí òfin Georgia fi wí pé ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìdílé rẹ̀ nìkan ni ọmọ tí ó gba ìwé onípele kejì lè gbé, àti pé kò gbọdọ̀ wakọ̀ láàárín agogo 12 òru sí agogo 5 òwúrọ̀.

Níbí ni ìdánwò àwa òbí wà. Kò sí ọlọ́pàá tí ó ń ka wákàtí 40 náà. Ó rọrùn fún ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ láti fọwọ́ sí ìwé nígbà tí wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju 10 lọ. Ní èdè tí ó yé gbogbo onígbàgbọ́, ẹ̀rí èké nìyẹn, ọmọ tí a fẹ́ràn ni yóò sì kọ́kọ́ san owó rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, Gómìnà Brian Kemp pàṣẹ pé kí a dá ìdánwò ojú títì dúró, kí ẹni tí ó bá ti mú gbogbo ohun yòókù ṣẹ gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbà á lọ́nà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Ariwo ta, àṣẹ náà sì yí padà ní oṣù karùn-ún: gbogbo wọn ní láti ṣe ìdánwò kí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án tó kọjá. Ẹ wò ó, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ̀nyẹn, ìbúra òbí ni ohun tí ó ṣẹ́kù láti sọ pé ọmọ ti mọ ọkọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí a kì í fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ ọkọ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí fèrè ti ń ṣe iṣẹ́ iná ìdúró. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Bí bàbá bá ń gba fóònù lọ́wọ́ bí ó ti ń wakọ̀, ohun tí Georgia ti fòfin dè láti oṣù keje ọdún 2018, ẹ̀kọ́ wákàtí 30 kò ní pa àpẹẹrẹ rẹ̀ rẹ́ lọ́kàn ọmọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí ó ti yẹ. Bí a bá ń fi wákàtí kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́sẹ̀, wákàtí 40 yóò pé kí ọdún ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó pé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí tí ó ṣófo, kí ẹ tó lọ sí àdúgbò tí ó dákẹ́, kí ẹ tó dé òpópónà ńlá. Ẹ mú un jáde nígbà òjò àti ní òru, nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ bá jáde. Bí òbí kò bá ní sùúrù, kí ó bẹ àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tí ó ní i. Bí ọmọ kò bá sì tíì mọ̀ ọ́n wà nígbà tí ó pé 16, kí ó dúró di 17. Ẹ̀kọ́ tí ó pẹ́ sàn ju ọ̀fọ̀ lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ mọ kọ̀ǹpútà jù wá lọ, kí ó fi kọ́ òfin. Ojú títì ni tiwa, kí a jókòó tì í.