Kí Ẹnì Kan Má Baà Jẹ Kọ̀ǹpútà Gbogbo Wa Tán

Olùkọ́ kan bi wá pé kọ̀ǹpútà Linux kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ kíláàsì òun ń bá ṣiṣẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá gbé iṣẹ́ ńlá lé e, ti àwọn ìyókù a dá dúró. Kí ni kí òun ṣe?

Ọ̀ràn yìí dàbí ti kànga agboolé. Bí a kò bá díwọ̀n omi, ẹni tí ó kọ́kọ́ jí ni yóò pọn ún tán. Mẹ́mórì ni omi náà. Bí ó bá tán, kernel, èyí tí í ṣe ọkàn Linux, yóò pa iṣẹ́ kan kí ẹ̀rọ má baà dákú. Èyí tí ó gba àyè jù ni ó sábà máa ń pa, ìbáà ṣe ti aláìṣẹ̀. Máàkì ìdánwò tí olùkọ́ ń kọ lọ́wọ́ lè bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré mú ulimit. N kò bú u, ṣùgbọ́n ní ti mẹ́mórì, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ènìyàn. Ó dàbí kí a ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ju garawa kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí a má sì ka iye ìgbà tí ó padà wá.

Cgroups ni ó ń ka gbogbo iṣẹ́ ẹnì kan pọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Google ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Ó wọ inú Linux ní 2008. Lórí Debian 11, tí ó jáde ní 2021, àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, kí olùkọ́ wa ṣe fáìlì 50-iwon.conf sínú /etc/systemd/system/user-.slice.d/, kí ó sì kọ èyí sí i:

[Slice]
MemoryHigh=800M
MemoryMax=1G
TasksMax=200

Lẹ́yìn náà, kí ó pàṣẹ systemctl daemon-reload. Bí ọmọ kan bá kọjá ìlà MemoryHigh, iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa falẹ̀. Bí ó bá kan MemoryMax tí kò sì sí àyè mọ́, nínú iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kernel yóò ti pa. TasksMax wà fún àwọn ọmọ aláwàdà tí ń kọ ètò tí ń bí ara rẹ̀ láìdúró. (Wọn kò ṣàìsí ní kíláàsì kankan!)

Òfin yìí mú root pàápàá bí ó bá wọlé. Nítorí náà, kí olùkọ́ wa fi fáìlì olórúkọ kan náà sí user-0.slice.d, kí ó fún ara rẹ̀ ní àyè tí ó tó. Bí ó bá sì fẹ́ mọ ẹni tí ń fa omi jù lọ́wọ́, kí ó tẹ systemd-cgtop.