Ẹ̀RỌ TÓ Ń KA INÁ KÌ Í SAN OWÓ INÁ



Ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn aláṣẹ sọ nígbà tí a jọ jókòó dúnàádúrà. A ní kí wọ́n fi kún owó iná tó wà nínú àjẹmọ́nú wa. Wọn kò sọ pé àwọn gbà, wọn kò sì sọ pé àwọn kọ̀. Páálí kékeré kan ni wọ́n gbé sórí tábìlì. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ka iná ilé ló wà nínú rẹ̀, pé àwọn yóò rà á fún gbogbo wa, a ó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù. Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ ní bí òṣìṣẹ́ bá ti ń fi ojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń jẹ iná, yóò dín in kù, kò sì ní í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nítorí owó iná mọ́. Àwọn kan nínú wa pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni mo ń tọ́jú láti àárọ̀ di alẹ́, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Òṣùwọ̀n dára. Ìyàwó mi kì í ra gàrí láìwo ìdí kóńgò, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n lè ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ohun tí mo ṣe fún ẹ̀rọ yìí náà nìyẹn. Mo gbà á lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè wo ìdí rẹ̀.

Ó ní ẹnu kan bí ẹnu akàn, tí a fi ń há wáyà tó ti ara míta wọlé. Wáyà kan ṣoṣo ni o. Bí ẹ bá há méjèèjì pọ̀, òdo ni yóò máa kà. Ẹnu yìí ń mọ iye kírẹ́ńtì tó ń kọjá, ìyẹn áńpù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe áńpù ni wọ́n ń tà fún wa. Yúnítì là ń rà, yúnítì kan sì ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan gbáko. Kí á tó mọ wáàtì, a ní láti mọ fólítì pẹ̀lú áńpù. Ẹ̀rọ yìí kò wọn fólítì rárá. Ó kàn gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé 240 ni, ó sì ń fi ṣe ìṣirò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Agége àti Ìpájà, ẹ ò rí nǹkan! Ìgbà wo ni 240 dé ilé yín kẹ́yìn ní aago mẹ́jọ alẹ́?

Iná pupa kékeré kan wà lójú míta tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ iye ìgbà tí yóò ṣẹ́ fún yúnítì kan sí ara míta. Tèmi jẹ́ 1,000. Mo pa gbogbo nǹkan inú ilé, mo ki bọ́ìlìn ríìngì tí a fi ń gbóná omi ìwẹ̀ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wáàtì 1,000 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹlẹ́kítíríṣíànì ẹ̀ka wa bá mi gbé ẹ̀rọ ayẹfólítì rẹ̀ wá: 181 ló kà. A jókòó ti míta fún ìṣẹ́jú 10, èmi ń ka ìṣẹ́jú, ọmọ mi ń fi pẹ́ńsùlù sàmì. Ìgbà 95 ló ṣẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, wáàtì 570 ni. Kí ni ẹ̀rọ inú páálí kọ sójú? Ó lé ní 750. Ó fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé e! Wọ́n ní ènìyàn lè yí fólítì inú rẹ̀ padà. Ó dára. Ta ni yóò wá dúró tì í tí yóò máa yí i bí iná ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo òru? Fíríìjì àti fáànù tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo kírẹ́ńtì tí mọ́tò bá fà ni míta ń gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ń ka gbogbo rẹ̀.

Irú kejì wà tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń ki nǹkan bọ ara rẹ̀. Ìyẹn ń wọn fólítì, òótọ́ rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló lè kà lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í mọ ohun kékeré bíi ṣájà fóònù dáadáa. Kì í ṣe èyí ni wọ́n gbé wá fún wa.

N ó sọ ohun rere tó ṣe fún mi, kí wọ́n má baà pè mí ní òpùrọ́. Ní òru, nígbà tí gbogbo wa ti sùn, mo rí i pé fíríìjì mi kì í sinmi. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹ. Mo pààrọ̀ rọ́bà, ó ń sinmi báyìí. Ẹ̀rọ náà ló fi hàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni a ń pààrọ̀ rọ́bà, oṣooṣù ni a ń ra iná.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Géèjì epo wà lójú ọkọ̀ yín láti ìgbà tí ẹ ti ń wakọ̀. Nígbà tí epo gbówó lórí ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, ta ni géèjì rẹ̀ gbà sílẹ̀?

Ibi tí owó wa ń gbà lọ kò fara sin. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé iye yúnítì kan fún àwọn tó wà ní Báńdì A láti nǹkan bí 68 náírà sí 225. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún náà, ó dúró sí 209.50, láì tíì ka owó orí ọjà mọ́ ọn. Ilé tó ń lo yúnítì 100 lóṣù kúrò ní 6,800, ó di 20,950. Ìyẹn jẹ́ 14,150 náírà lé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iná kì í lọ, wọ́n ṣe ìdánwò ńlá láàárín ọdún 2007 sí 2010 lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú míta tuntun. Nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ni àwọn ilé náà fi dín iná wọn kù. Ẹ fi 3 yẹn sí ilé tí mo ń sọ: yúnítì mẹ́ta, kò pé 650 náírà. Ẹ mú 650 kúrò nínú 14,150, kí ẹ sọ ohun tó kù fún ọ̀gá. Kí tilẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó ní gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan àti tẹlifíṣàn kan fẹ́ pa?

Àwọn tí kò ní míta ńkọ́? Wọ́n pọ̀ nínú wa. Ẹni tí wọ́n ń fojú bù owó iná fún, yálà ó tan gílóòbù ni o, yálà ó jókòó sínú òkùnkùn ni o, bíìlì rẹ̀ kì í yí padà. Àjọ NERC fi òfin dé iye tí wọ́n lè fojú bù ní oṣù Kejì 2020. Ní oṣù Kejì 2024, àjọ náà kan náà bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà lé gbogbo ilé-iṣẹ́ apíniná 11 lórí, nítorí wọ́n gba àgbàjù lọ́wọ́ àwọn tí kò ní míta láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹsàn-án 2023. Ṣé ẹ̀rọ inú páálí ni yóò dá wọn lẹ́kun? Míta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bí wọ́n bá sì bu ohun tí kò tọ́ fún un, kí ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwọn apíniná náà, kí ó gba àmì pé ó kọ̀wé. Bí wọn kò bá dá a lóhùn dáadáa, kí ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí àjọ tó ń ṣàkóso iná yà sọ́tọ̀ fún gbígbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀ka wa yóò bá yín kọ ọ́. Ẹ má tijú.

Àwọn aláṣẹ wa mọ ìṣirò yìí, wọ́n ní akáúńtáǹtì. Nígbà tí owó iná ilé-iṣẹ́ gòkè, wọn kò ra ẹ̀rọ akaná fún ara wọn, iye ọjà ni wọ́n fi lé. Àwa kò ní ọjà tí a ó fi owó lé, àyàfi iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń bèèrè.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú rìsíìtì tókìn rẹ̀ ti oṣù mẹ́fà wá sí ìdí tábìlì ẹgbẹ́ lẹ́nu géètì. Ẹni tí kò ní míta, kí ó mú bíìlì rẹ̀ wá. Akọ̀wé ẹ̀ka yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ orúkọ, ìwé yẹn ni a ó sì gbé síwájú àwọn aláṣẹ nígbà tí a bá tún jókòó. Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ̀rọ kankan títí di ìgbà náà. Èyí tí mo yá ti wà nínú páálí rẹ̀, mo ti fi okùn dì í.