Ìwé Ìrìnnà Tó Ju Owó Oṣù Lọ

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìwé ìrìnnà Nàìjíríà olójú-ewé 32, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọdún márùn-ún, ti di ₦100,000. ₦70,000 sì ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Bí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kó gbogbo owó oṣù kan jọ láìjẹ, láìmu, owó náà kò tíì pé.

Ìjọba ní kí ìwé náà lè jẹ́ ojúlówó ni àwọn ṣe fi kún owó rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ₦35,000 ni kí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 tó dé. Owó oṣù ta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún kan?

Abala 41 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò fàyè gba kí wọ́n dí ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ àtijáde, àfi ẹni tí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí tálákà kò lè san owó rẹ̀ ti di ẹ̀tọ́ olówó nìkan. Bí òkèèrè bá ti ilẹ̀kùn físà, ẹjọ́ wà láti rò. Èyí tí wọ́n tì láti inú ilé ńkọ́? Ó yẹ kí àwọn aṣòfin so iye ìwé ìrìnnà mọ́ owó oṣù tó kéré jù lọ.