Ta Ló Ń Wọn Aláìsàn Wa?

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, nílé lóko, ọ̀rọ̀ oúnjẹ aláìsàn ni mo mú wá lónìí. Ẹ má sọ pé kì í ṣe òṣèlú, òṣèlú ni.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, egungun itan ẹ̀gbọ́n mi kán. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, a lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn dókítà ya fọ́tò egungun, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ oògùn kún inú carnet. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀gbọ́n mi sórí ìwọ̀n. Nígbà tí a fi máa padà sílé, òrùka ń yọ bọ́ lọ́wọ́ wọn fúnra rẹ̀. Gbogbo wa ń sọ pé àìsàn ti jẹ wọ́n lára. Àìsàn kọ́ nìkan, ebi wà níbẹ̀. Iyán tí à ń gbé lọ lọ́sàn-án, bó ṣe lọ ló ń padà wálé, kò sì sẹ́ni tó béèrè.

Ìbéèrè méjì péré ni infirmier ìbá bi wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ṣé wọ́n ti rù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà yìí? Ṣé wọn ò jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́? Ẹni tó wọn kílò 60 tó wá di 54, ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ti lọ. Ewu ńlá nìyẹn. Ọgbẹ́ rẹ̀ kò ní tètè jinná, àrùn mìíràn á sì rọ́nà wọlé.

Àwa ẹbí náà ń ṣàṣìṣe. Ẹni tí ebi ti pa pẹ́, a kì í ki oúnjẹ sí i lẹ́nu lójijì. Ọkàn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ojú dókítà: ẹ̀kọ tí a po sója mọ́, ẹyin, wàrà Fúlàní.

Ti ọmọdé sàn díẹ̀. Okùn aláwọ̀ mẹ́ta wà fún apá ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Tí kò bá tó milimita 125, ọmọ ti ń rù. Tí kò bá tó 115, pupa nìyẹn, ẹ sáré. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ tó sì wọnú, kì í ṣe sísanra o! Síbẹ̀, ìwádìí EDS ti 2017-2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀, 32 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ.

Wọ́n á sọ fún mi pé ti ministère ni hôpital de zone. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ìwé ìjọba jẹun títí mo fi gba retraite, mo rántí òfin 97-029 ti oṣù kìn-ín-ní 1999, èyí tí wọ́n lò títí di 2021: commune ni ó gbé ohun èlò centre de santé arrondissement àti ti abúlé lé lọ́wọ́. Ìwọ̀n kò ha jẹ́ ohun èlò ni? Ìwọ̀n kan ní centre kọ̀ọ̀kan, okùn apá tí kì í tán, àti ilé ìdáná kékeré fún ará oko tí ẹbí rẹ̀ jìnnà: kí wọ́n kọ ọ́ sínú budget, kí a rí i kà.

Mo ti kọ lẹ́tà náà. Màá gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.